Raspberry Pi 4 ni mo ní kí àbúrò mi rà, kì í ṣe Pi 5, ìdí ẹ̀ rèé

Àbúrò mi tó ń gbé Abẹ́òkúta pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí gbogbo ẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí Raspberry Pi 5 kan báyìí, 8GB ni, ẹni tó ń tà á ní òun ò lè já owó ẹ̀ wálẹ̀ mọ́, ṣé kí n sanwó?" Mo ní kó dúró ná, kó má sanwó fún ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún mi. Ó ní òun fẹ́ dí àwọn ìpolówó ọjà tó ń já lu àwọn ọmọ òun lórí fóònù, òun fẹ́ kó gbogbo fọ́tò ẹbí síbì kan nínú ilé kí fóònù ìyàwó òun yé kún, òun sì fẹ́ máa rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo ní ṣé o rí i, kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dandan kó jẹ́ Pi 5, owó tó o fẹ́ kó lé bọ́ọ̀dù nìkan lórí yẹn, tó o bá fọgbọ́n ná an, á ra bọ́ọ̀dù, á ra SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì bíi háàdì díìsìkì, àmọ́ tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú), á tún ra ṣájà gidi. A sọ ọ́ títí bíi wákàtí kan. Ìbéèrè yìí kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí ṣáá, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa.

Fún ẹni tí ò bá tíì mọ̀ ọ́n, Raspberry Pi àkọ́kọ́ jáde ní 29 February 2012, àwọn ará Cambridge nílùú ọba ló ṣe é kí àwọn ọmọ iléèwé lè rí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú fi kọ́ṣẹ́, dọ́là 35 ni wọ́n tà á, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ. Àwọn àgbà ló wá gbà á mọ́ àwọn ọmọdé lọ́wọ́ torí wọ́n rí i pé nǹkan tó kéré báyìí lè wà ní títàn tọ̀sán-tòru láìjẹ iná. Ọ̀rọ̀ iná yẹn gan-an ló ká àwa níbí lára jù. Pi 4 tó kàn jókòó jẹ́ẹ́ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 3, tó bá ṣiṣẹ́ gidi ó lè dé 6 tàbí 7. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 4, wákàtí 24 á jẹ́ 96Wh lójúmọ́. Bátìrì ínfátà 12V 100Ah, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ lórí ìwé ò ju 1,200Wh lọ. Ẹ wá gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì tòkunbọ̀ tó ń jẹ wáàtì 50 síbẹ̀, 1,200 géérégé ló máa jẹ lójúmọ́, ìyẹn ni pé ó ti jẹ bátìrì yẹn tán pátápátá, a ò tíì tan fáànù, a ò tíì tan gílóòbù kan.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé tó bá jẹ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé lẹ fẹ́ ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyára prósẹ́sọ̀ tan yín. Ihò tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà wọlé ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ wo iná tẹ́ ẹ máa fi tàn án, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí fáìlì á máa sùn.

Pi 3B+ lèmi kọ́kọ́ lò, èyí tó jáde ní March 2018. Wọ́n kọ gigabit sí i, ìyẹn 1,000Mbps, nǹkan bíi 125MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, inú mi dùn, mo so háàdì díìsìkì mọ́ ọn, mo ní mo ti ní ibi ìpamọ́ nínú ilé nìyẹn. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kó fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sórí ẹ̀, 40GB, mo jókòó tì í fún bíi ìṣẹ́jú 45, 15MB ló ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá ti gbìyànjú jù ó kan 17. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ swíìṣì, pàbó ló já sí. Ìgbà tí mo wá wo bí wọ́n ṣe to inú ẹ̀ ló tó yé mi pé ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn àti ihò USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń gbà dé ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀, USB 2.0 sì lọ̀nà ọ̀hún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan tó bá dá a gbà ò lè kọjá nǹkan bíi 300Mbps, ká má tíì sọ pé háàdì díìsìkì náà tún ń bá a du ọ̀nà. Ó dà bíi kí dáńfó àti tírélà pàdé lórí afárá tó gba mọ́tò kan.

Pi 4 tó jáde ní June 2019 ni wọ́n ti la ọ̀nà tiẹ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́tọ̀, gigabit tó jẹ́ gigabit lóòótọ́, wọ́n sì fi ihò USB 3.0 méjì sí i. Fídíò 40GB yẹn kan náà, láti orí láptọ́ọ̀pù mi sórí SSD tí mo so mọ́ Pi 4, nǹkan bíi ìṣẹ́jú méje ló gbà, ó ń gbé 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà míì ó ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o, Pi 5 tó jáde ní October 2023, prósẹ́sọ̀ rẹ̀ 2.4GHz, ti Pi 4 jẹ́ 1.5GHz nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kò sí àríyànjiyàn pé ó yára jù ú lọ fíìfíì, àmọ́ ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lára ẹ̀ ṣì jẹ́ gigabit kan náà. Fáìlì tó ń gba inú wáyà yẹn kọjá ò lè sáré ju ihò náà lọ. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyẹn tó fi dákẹ́.

Tó bá kan RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, 2GB tó fún iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kà sílẹ̀ yẹn. Tèmi jẹ́ 4GB, Pi-hole tó ń bá gbogbo ilé wá àdírẹ́sì ojú ìwé, tó sì ń dí ti ìpolówó, wà lórí ẹ̀, Samba tó ń pín fáìlì nínú ilé wà níbẹ̀, Tailscale tó ń jẹ́ kéèyàn wọlé láti ìta wà níbẹ̀, gbogbo wọn pọ̀ wọn ò tíì jẹ 1GB rí. Ibi tí màá ti ní kéèyàn ra Pi 5 8GB láìjanpata ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé Immich sórí ẹ̀, ìyẹn áàpù ìpamọ́ fọ́tò tó máa ń dá ojú èèyàn mọ̀ nínú fọ́tò, ẹ má gbé ìyẹn sórí 2GB rárá, á kàn máa fà bí ìgbín. Ìkejì ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi LUKS, ètò tó ń sọ fáìlì di àṣírí, ti díìsìkì pa, torí prósẹ́sọ̀ Pi 4 ò ní ẹ̀yà tó máa ń bá AES, ọ̀nà ìṣàṣírí tí LUKS ń lò, ṣiṣẹ́, Pi 5 ní in, ìyàtọ̀ ẹ̀ á sì hàn kedere. WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà àṣírí wọ ilé láti ìta, ò kan ìyẹn ní tiẹ̀, ChaCha20, ọ̀nà ìṣàṣírí míì, lòun ń lò, Pi 4 ń gbé e dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ṣájà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀, tí wọ́n á sì máa bú bọ́ọ̀dù tí ò ṣẹ nǹkan kan. Nígbà tí mo ra Pi 4 mi, mo ní ṣájà fóònù nílé, mo ní kí ni mo fẹ́ tún ra òmíì fún. Ó tàn, ó ṣiṣẹ́, mo so SSD mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì, kò tó ìṣẹ́jú méjì ó kú, ó tún jí fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lálaalẹ́. Mo wá jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, mo pa iná yàrá, mo ń wo iná pupa kékeré tó wà ní igun bọ́ọ̀dù yẹn, èyí tó yẹ kó dúró ṣinṣin, àfi bó ṣe ń ṣẹ́jú, gbogbo ìgbà tí SSD bá ti fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀ ló ń ṣẹ́jú. Mo tẹ vcgencmd get_throttled, àṣẹ tó ń sọ bóyá iná tó ń wọ bọ́ọ̀dù tó, ó dá mi lóhùn pé throttled=0x50005. Nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí pé iná tó ń wọlé ò tó, kò tó báyìí tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ra ṣájà tí wọ́n dìídì ṣe fún un, 5.1V 3A, mo tún un tẹ̀, 0x0. Àtọjọ́ náà kò kú mọ́. Ẹ rántí nọ́ńbà yẹn, 0x0 lẹ fẹ́ rí, tẹ́ ẹ bá rí òmíì ẹ kọ́kọ́ wo ṣájà àti wáyà kẹ́ ẹ tó fura sí ohun míì.

Àwọn kan á ní àwọn ní ṣájà 65W tó ń gba fóònù kíákíá, pé ìyẹn á kúkú jù ú lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ṣájà yẹn, 9V tàbí 20V ni wọ́n ti ń rí agbára ńlá wọn, tó bá di 5V tí Pi ń jẹ, púpọ̀ nínú wọn ò kọjá 3A. Pi 4 lè fara mọ́ ìyẹn. Pi 5 ní tiẹ̀ ń fẹ́ 5V 5A, ṣájà tó ní ìyẹn ò pọ̀ nígboro rárá, tẹ́ ẹ bá sì fún un ní 3A á tàn o, àmọ́ á há iná mọ́ gbogbo ihò USB, 600mA péré ló máa pín fún gbogbo wọn, SSD tẹ́ ẹ so mọ́ ọn á máa já. Ṣé ẹ rí i pé owó Pi 5 ò parí sórí bọ́ọ̀dù.

Ibi tí fáìlì ń sùn ló kàn, èyí ló ṣe mí ní jàǹbá jù. Mẹ́mọ́rì káàdì ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì lò ó. Wọ́n á mú iná lọ láago méjì òru, ínfátà á gbà á, ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi ń gbà á yẹn bọ́ọ̀dù á ti kú á ti jí, bẹ́ẹ̀ Pi-hole ń kọ nǹkan sínú káàdì lọ́wọ́. Ọdún kan ò pé tí káàdì àkọ́kọ́ fi lọ. Mo yọ ọ́ mo fi sínú láptọ́ọ̀pù, mo ń pa fáìlì inú ẹ̀ rẹ́, á ní òun ti pa á rẹ́, tí mo bá yọ ọ́ tí mo tún fi í padà báyìí, gbogbo fáìlì tí mo pa rẹ́ á ti padà síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é, mo rò pé ojú mi ni. Bí káàdì ṣe máa ń kú nìyẹn, á jẹ́ kẹ́ ẹ ka ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní gba nǹkan tuntun mọ́ láé. Kẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ yára da ohun tó wà nínú ẹ̀ kọ, kẹ́ ẹ jù ú nù.

SSD kékeré, kódà 120GB tòkunbọ̀ tí ara ẹ̀ ṣì le, pẹ̀lú wáyà tó ń so ó mọ́ USB 3.0, ni mo fi tún tèmi ṣe. Pi 4 lè tàn tààrà láti orí ẹ̀ láìsí káàdì kankan nínú ẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí, iná ti lọ ó ti dé mi ò lè kà á mọ́, kò tíì ba fáìlì kan jẹ́. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò tíì ká SSD, ẹ wọ raspi-config, ibi ìṣètò Pi, ẹ tan Overlay File System, kò ní kọ nǹkan kan sórí káàdì mọ́, inú RAM ni gbogbo ẹ̀ á máa wà, àmọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá yí padà lẹ́yìn ìgbà yẹn á pòórá tó bá tún ara ẹ̀ tàn, ẹ pa á ná kẹ́ ẹ tó ṣàtúnṣe.

Páwà báǹkì ńkọ́? Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, bí iná bá lọ tàbí tó bá dé báyìí, wọ́n máa ń gé iná fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí wọ́n tó yí padà, ìyẹn sì ti tó láti pa Pi. UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà dára, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ihò USB ẹ̀, tó bá jẹ́ 5V 2A, Pi Zero 2 W, bọ́ọ̀dù kékeré tí ò jẹ iná púpọ̀, ló tọ́ sí, kì í ṣe Pi 4 tó gbé SSD sẹ́yìn.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò rí kẹ́nikẹ́ni sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Pi 4 ò ní aago nínú. Tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta tó sì padà dé, aago wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn ló ṣì wà lórí ẹ̀ títí á fi rí íntánẹ́ẹ̀tì bi. Bí ẹ bá wá tan DNSSEC, àyẹ̀wò tó ń rí i dájú pé àdírẹ́sì ojú ìwé kì í ṣe ayédèrú, nínú Pi-hole, ìyọnu ńlá nìyẹn, torí DNSSEC ń wo déètì, déètì ò pé, á kọ̀ láti wá orúkọ ibi tó ti fẹ́ bi aago, kò rí aago bi, déètì ò tún lè pé. Gbogbo ilé á wà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ráútà ń tàn, dátà wà. Màmá mi á pè mí, "Ṣé o tún ti fọwọ́ kan nǹkan ẹ yẹn ni? Mi ò rí WhatsApp lò látàárọ̀." Aago kékeré tí wọ́n ń pè ní DS3231 ni mo rà, kò wọ́n, ó ní bátìrì bíńtín tiẹ̀, mo kì í bọ àwọn pín-ìn-nì ara bọ́ọ̀dù, ó tán. Pi 5 ní ààyè aago yìí lára, àmọ́ bátìrì ẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ máa rà á, wọn ò fi kún un. Mo sì gbóríyìn fún Pi 5 lórí pé ó ní bọ́tìnì tẹ́ ẹ lè fi pa á dáadáa, ó ti yẹ kí wọ́n fi sí gbogbo wọn látìbẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ má bàa retí ohun tí ò sí, Pi-hole ò ní lè dí ìpolówó inú YouTube fún yín, ojú kan náà ni fídíò àti ìpolówó yẹn ń gbà wá, tẹ́ ẹ bá dí ọ̀kan ẹ ti dí ìkejì. Àwọn tó wà nínú géèmù ọmọdé àti ojú ìwé ìròyìn ló ń dí, ó sì ń dí wọn gan-an, ẹni tó ń fi gígì ra dátà á mọ̀ ọ́n lára.

Wíwọ ilé láti ìta ńkọ́, ọ̀pọ̀ wa tó jẹ́ pé ráútà tó ń lo síìmù la ní nílé, ẹ wọ inú ráútà yẹn kẹ́ ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n fún un níta, tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127, ẹ̀yin àtàwọn ẹlòmíì lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì kan náà, kò sí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ lè ṣí lára ráútà tí á ṣiṣẹ́, ẹ má fi gbogbo òru gbìyànjú ẹ̀ bí mo ṣe gbìyànjú. Tailscale ni kẹ́ ẹ lò, WireGuard náà ló wà lábẹ́ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún ará ilé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ ti parí.

Àwọn bọ́ọ̀dù tó kù mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Pi Zero 2 W, dọ́là 15 nígbà tó jáde ní 2021, kò ní ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, Wi-Fi 2.4GHz nìkan ló mọ̀, RAM ẹ̀ 512MB, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún Pi-hole nìkan, ẹ má gbé fáìlì sí i lórí. Orange Pi Zero 3 ní gigabit, RAM ẹ̀ lè dé 4GB, owó ẹ̀ kì í sì í ga, Armbian, irú Linux kan, wà fún un, ẹni tó bá ti mọ Linux dáadáa kó rà á, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí nǹkan bá kọ́ ọ lọ́rùn, ìrànlọ́wọ́ tó máa rí kà ò lè tó ìdámẹ́wàá ti Raspberry Pi. Tó bá jẹ́ pé ráútà gan-an lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ fi gbogbo wọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá NanoPi R4S, ihò gigabit méjì ló ní, OpenWrt, ètò tí wọ́n ń fi ṣe ráútà, ń lọ lórí ẹ̀ geere. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ojú ẹ̀ ti fọ́ náà ń bẹ, mi ò ní purọ́, bátìrì ẹ̀ ti jẹ́ UPS fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní ọ̀kan tó ń kó eruku nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má náwó kankan ná.

Tẹ́ ẹ bá máa ra Pi 4 tòkunbọ̀ ní Computer Village tàbí níbikíbi, ẹ mú káàdì tẹ́ ẹ ti fi Raspberry Pi OS sí dání látilé, ẹ mú ṣájà tiyín dání, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ tàn án lójú yín. Ẹ tẹ free -h kẹ́ ẹ rí bí RAM ṣe pọ̀ tó lóòótọ́, mi ò gba ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́ lórí ìyẹn. Ẹ tẹ cat /proc/cpuinfo, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Revision sí nísàlẹ̀. Tó bá parí sí 1, bíi b03111 tàbí c03111, àwọn tó kọ́kọ́ jáde nìyẹn, àwọn tí ihò USB-C wọn ní àṣìṣe tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn gbà pé ó wà níbẹ̀, wáyà USB-C olówó ńlá tí wọ́n fi ń gba láptọ́ọ̀pù lè má tàn án rárá. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o, wáyà lásán á tàn án, ẹ kàn fi já owó wálẹ̀. Ẹ ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ rí i kí iná ihò náà tàn. Ẹ fọwọ́ kan orí prósẹ́sọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á gbóná, ìyẹn ò burú, àpótí áńlúmì tí wọ́n ń kó o sí á mú un tutù.

Àbúrò mi ti ra tiẹ̀ ní Sátidé, Pi 4 2GB, ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi kó tó sanwó, b03114 ló wà níbẹ̀, mo ní kó gbé e. Ṣájà gidi ló fi tàn án, throttled=0x0. SSD ló kù, ó ní tó bá gbowó oṣù, mo sì ti ní kó má tíì kó fọ́tò kankan sórí káàdì yẹn títí dìgbà náà.